Ìkíni Tó Jẹ Dátà Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ kì í ṣe ẹni tí ń fi nǹkan ṣòfò. Òwú tó já lára aṣọ, yóò ká a sórí páálí. Bọ́tìnnì tó bọ́ sílẹ̀, yóò kúnlẹ̀ wá a títí yóò fi rí i. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ, kò sì tíì gé aṣọ tó kéré ju ẹni tó ni ín lọ rí. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi já lọ́jọ́ tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nínú ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń lọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun.

"Mo gbé! Pépà ìwọ̀n ìyàwó!"

Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló gbé aṣọ ṣẹ́dà kan ṣoṣo wá, èyí tí ìyá rẹ̀ àgbà fi pamọ́ dè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún un wọ̀n, tí wọ́n rí i pé ó ti sanra sí i. Pépà tuntun wà lábẹ́ agolo bọ́tìnnì. Ti àtijọ́ ṣì wà lórí ìṣó. Aago mẹ́wàá sì ni igbákejì rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò mọ̀ nípa ìwọ̀n tuntun, yóò gé aṣọ náà. Aṣọ tó tóbi ṣeé gbà sínú; èyí tí a bá gé kéré, ìnujú ló kù tó lè dà.

Ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kì í wo fóònù àfi tó bá dún. Ló bá tan dátà. Ilé-iṣẹ́ fóònù kí i káàbọ̀ sílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì sọ iye tí yóò máa san.

Àbúrò rẹ̀ yọjú wò ó. "Àǹtí mi, ṣé dátà ni àbí góòlù?"

Ó pe ṣọ́ọ̀bù lórí ìpè fídíò, èyí tí a ti ń rí ojú ara ẹni. Ojú igbákejì rẹ̀ hàn gbàgà. Ìyá Ìkíni ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun láyé yìí tí kò ní ìkíni tirẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá mi! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ibi tí ẹ wọ̀ sí ńkọ́?"

"Ó dáa. Gbọ́..."

"Àbúrò yín ńkọ́?"

"Ó wà, ó ń kí ọ. Pépà..."

"Onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa rèé, wọ́n fẹ́ kí yín!"

Onígbàjámọ̀ kí i, ó dá a lóhùn. Oníbàárà kan tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ náà kí i. Ó ń dá ìyẹn lóhùn lọ́wọ́ ni ìpè já, tí ojú fóònù ṣókùnkùn. Ìdajì owó ti lọ.

Ó tún pè. "Má kí mi!"

Ìyá Ìkíni kúnlẹ̀ gbì. "Ọ̀gá mi, kí ni mo ṣe? Tó bá jẹ́ ti abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́, èmi ni! Onígbàjámọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun, bàbá..." Ìyá Aránṣọ kò tíì dáhùn tán tí ìpè tún já.

Àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń dá wọn lóhùn?"

Òótọ́ ni. Ẹni tí a kọ́ nílé kò lè gbọ́ ìkíni kó di etí. Aago mẹ́wàá sì ti kù díẹ̀ kó lù, ohun tó kù lórí fóònù kò tó ìṣẹ́jú kan. Ló bá fa páálí bisikíìtì ya, ó já ìkunètè gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ìkunètè mi! Ọjọ́ wo ni mo rà á?"

Ó fi kọ ọ́ gàdàgbà: MÁ GÉ E. PÉPÀ TUNTUN WÀ LÁBẸ́ AGOLO BỌ́TÌNNÌ. Ó fi ìborùn di ara rẹ̀ lẹ́nu pinpin, ó pè, ó gbé páálí síwájú ojú fóònù.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú... Má... gé... e..." Ìyá Ìkíni ń kà á bí ọmọ ilé-ìwé, ṣẹ́dà ti wà lẹ́nu sísọ́ọ̀sì. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sáré. Ìyá Aránṣọ rí ọwọ́ tó gbé agolo kúrò, ó rí pépà tuntun tí wọ́n tẹ́ lé ṣẹ́dà, ó rí onígbàjámọ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má yẹ̀. Sísọ́ọ̀sì wọnú aṣọ. Ó yí ìlà èjìká ká; ohun tó gé gbòòrò, ó tó. Fóònù kú.

Ó tú ìborùn lẹ́nu, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àjèjì inú ọkọ̀ fi bá a rín in láìmọ ìdí.

"Owó ńkọ́?" ni àbúrò rẹ̀ bèèrè.

"Ó tán!"

"Ìkunètè mi ńkọ́?"

"Òun náà tán!"

Wọ́n gbá ara wọn lọ́wọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín lákọ̀tun, wọn ò sì mọ ìgbà tí ọkọ̀ kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ̀.