Àpá Bàtà Dàpọ̀ Lára Bọ́ọ̀sì Ìwádìí

Ọdún tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè lójijì, tí àwọn ọlọ́kadà Ìlúpéjú ń bá èrò wọn fa ọ̀rọ̀ lójú títì, ọdún náà ni wọ́n fẹ́ ti Ilé Ìwádìí pa ní yunifásítì wa. Iṣu tuntun ti ń wọ ọjà Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Dàpọ̀ ní gbogbo ìpàdé, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi náà. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ń gbádùn òtítọ́ náà jù.

Èmi Ọláníyì, awakọ̀ ni mí. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo yọjú díẹ̀ sí girama, oko bàbá mi sì pè mí padà. Bọ́ọ̀sì funfun tí Ilé Ìwádìí fi ń lọ sí abúlé ni mo ń wà. Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ni láti wádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ayé. Lọ́dún náà, ohun kan ni wọ́n ń bèèrè kiri: bí ọmọ bá ti lọ tán sí Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun, ta ló ń tọ́jú arúgbó tó kù sílé? Dókítà Fúnmi ni ọ̀gá wọn. Ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí, Èkó náà ló sì dàgbà sí.

Dàpọ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Inú ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́, kò mọ ọ̀nà Ìtapàjí. Bí ẹ bá já a sílẹ̀ ní oríta, á rìn wọ Kwárà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní ohùn. Bí Dàpọ̀ bá ní "ẹ káàárọ̀" lásán, ọwọ́ á máa yún yín láti pàtẹ́wọ́. Bí èmi bá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, wọn á ní kí n tún un sọ. Bí mo bá tún un sọ, wọn á ní ó ti tó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé Ìtapàjí, Dókítà Fúnmi jókòó ti Ìyá Àdúkẹ́, opó kan tó ń dáko ẹ̀gẹ́ nítòsí odò tí ìjọba sé. Dókítà kúnlẹ̀ kí i, ó mu omi tí wọ́n gbé fún un, ó wá la ẹnu.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ìyá dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé o fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi dín wọn kù ni?"

Àwọn obìnrin yòókù bá a dìde. Èmi ti ń wo ibi tí mo gbé bọ́ọ̀sì sí. Ṣùgbọ́n Dókítà tún kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ kúkú pe orúkọ wọn fún mi, kí n lè máa fi orúkọ bèèrè wọn."

Ìyá wò ó títí, ó tún jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, èyí tó wà ní Èkó, èyí tó wà lókè òkun, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn yòókù náà fa àpótí wọn sún mọ́ wa. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú.

"Ẹ kú uṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ló jẹ gbèsè èsì. Ẹ ó padà wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa?"

Dókítà ní àwọn á padà wá. Èmi náà mi orí, bí ẹni tó ni yunifásítì.

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ kíkà àti orúkọ pípè yìí fún Dàpọ̀, nídìí iyán, lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí iyán fi fẹ́ pá a lórí. Ẹ fi ọkàn síbẹ̀ yẹn.

Kò pẹ́ sí i ni àṣẹ jáde lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá yunifásítì: Ilé Ìwádìí kò wúlò, kí wọ́n tì í, kí bọ́ọ̀sì di ti àwọn àlejò àwọn ọ̀gá. Ẹgbẹ́ ní kí gbogbo wa pàdé ní gétì ńlá. Èmi ni wọ́n rán lọ kó àwọn obìnrin Ìtapàjí wá.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́lá, bí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ wà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló fẹ́ wọ́de."

Nígbà tí a dé gétì, àwọn ọlọ́pàá wà lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ àgbàdo. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó ń jẹ àgbàdo, ọlọ́pàá náà ni. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, mo sọ fún àwọn èèyàn pé bátìrì kò dára. Bátìrì dára. Ọkàn mi ni kò dára.

Gbì! Mo gbé ojú sókè, Dàpọ̀ ti fò gun orí bónẹ́ẹ̀tì mi, tòun ti bàtà aláwọ rẹ̀.

"Dàpọ̀! Bónẹ́ẹ̀tì nìyẹn o!"

Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà jáde wá, ó ní, "Ẹ̀yin mélòó gan-an ni ilé yìí ń ṣe láǹfààní? Ẹ jẹ́ kí n mọ iye ẹni tí mò ń dá lóhùn." Ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀: "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..."

Ìyá Àdúkẹ́ pariwo, "Gbé ọwọ́ yẹn sílẹ̀! Ta ló ń ka èèyàn bí ewúrẹ́?"

Àwọn obìnrin tú ká. Àwọn kan sá sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, àwọn kan fi gèlè bojú, wọ́n ń wọnú ara wọn kí ìka má baà kàn wọ́n. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò ṣeé kà, kò sí níbí." Ó yí padà, ó ń lọ. Àwọn tó gbé páálí sókè ti ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo mọ ohun tó yẹ kí a ṣe. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ náà gòkè wá, ó dé eyín, eyín sì tì í mọ́lé. Lórí bónẹ́ẹ̀tì mi ni mo ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ohùn ńlá Dàpọ̀ yẹn:

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà yín! Ẹ pe orúkọ yín!"

Ìyá Àdúkẹ́ ló kọ́kọ́ pe tirẹ̀, ó pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, ó pe ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹni tó tẹ̀ lé e pe tirẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni ọ̀gá náà; kò lè kẹ̀yìn sí arúgbó tó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀. Ó dúró. Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ ń pe orúkọ, olùkọ́ ń pè, àwọn tó ń gbálẹ̀ náà ń pè. Ó kàn mí.

Ìyá Àdúkẹ́ ní, "Awakọ̀, ìwọ ńkọ́?"

Ọlọ́pàá kan ti jẹ àgbàdo rẹ̀ tán, èmi ló ń wò. Mo la ẹnu, atẹ́gùn ló jáde. Ọwọ́ mi bá ṣèèṣì tẹ họ́ọ̀nù: pííìììì!

Gbogbo gétì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ nìyẹn náà."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá gbà láti bá wa jókòó, nígbà tó sì yá, wọ́n fa àṣẹ náà sẹ́yìn. Èjìká ni wọ́n fi gbé Dàpọ̀ wọlé. Ta ló ń gbé awakọ̀ léjìká? Bónẹ́ẹ̀tì mi tẹ̀ wọnú níbi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ dúró sí. Mo ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ páńẹ́lì tó ń na irin ọkọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ohun ìrántí ni. Àlejò á dé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi fóònù ya àpá bàtà Dàpọ̀. Èmi ni mo sì ń nu ibẹ̀ láràárọ̀. Ẹ bá mi wò ó: owú ń jẹ mí, mo tún ń fi omi ọṣẹ fọ ohun tí mò ń jowú sí.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. "Dàpọ̀, ta ló sọ ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo ní èmi ni?"

"O ò sọ fún wọn pé èmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Kí ló dí yín lẹ́nu?"

Mo mú aṣọ ìnukọ̀ mi, mo padà sídìí bónẹ́ẹ̀tì.

Kí la wá jèrè? Ilé Ìwádìí ṣì wà, bọ́ọ̀sì ṣì wà. Kí la pàdánù? Àwọn ọ̀gá gba yàrá ńlá Ilé Ìwádìí tí àwọn ará abúlé ti máa ń jókòó bí wọ́n bá wá, Dókítà Fúnmi sì ti bá iṣẹ́ lọ sókè òkun, òun náà ti fi ìyá tirẹ̀ sílé. Wọ́n parí ìwádìí náà o. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé tó nípọn, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó gbé e dé Ìtapàjí.

Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, Ìyá Àdúkẹ́ á jáde sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Orúkọ tí mi ò lè pè ní gétì, òun á pè é kí gbogbo àdúgbò gbọ́. "Ọláníyì! Èsì dà?" Kì í bèèrè Dàpọ̀. Ìyìn mọ ilé Dàpọ̀. Èmi ni gbèsè mọ̀ lórúkọ. Owú rẹ̀ ń jẹ mí lórí èyí náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, ẹni tó bá lè ka ìwé yẹn ní èdè tí ìyá gbọ́, kó wá bá mi. Èmi á wa bọ́ọ̀sì. Bí a bá sì dé ibẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pe orúkọ mi. Dàpọ̀ lè bá wa lọ, ohùn rẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, kó sì bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀sì.