Nọ́ńbà Kékeré Tó Wà Nísàlẹ̀ Lébẹ̀lì

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, kí ẹ tó fún ọmọ yín ní oògùn ikọ́ lónìí, ẹ yí ìgò náà po, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ lébẹ̀lì rẹ̀. Lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má fún un.

Ohun tó jẹ́ kí n sáré kọ èyí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ ra oògùn ikọ́ ní kẹ́mísìtì kan ní Onípanu. Mo yí ìgò náà po bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sí nọ́ńbà! Mo tún ń yí i po, mo tún ń wò ó, débi pé ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kò sí o?"

Ó wà o. Ohun tí mo rò pé a ti sin ló tún ń yọjú.

Ọ̀pọ̀ yín ti ń bi mí pé ta ló ní kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà yẹn sára lébẹ̀lì ládùúgbò wa. Ẹ jókòó, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Kò dùn-ún sọ, nítorí ọwọ́ tèmi náà kò mọ́ nínú rẹ̀.

Ṣómólú ni mo ń gbé. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mo ń rán. Ọkọ mi, Bàbá Tọ́pẹ́, jẹ́ atẹ̀wé. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò bá máa dún lápá ọ̀tún rẹ, ẹ̀rọ tó ń gé bébà á máa dún lápá òsì. Bébà tó bá bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, wéésìtì ni àwọn atẹ̀wé ń pè é. Wọn kì í dà á nù. Wọ́n á gbé e wálé, àwa ìyá á sì fi bo ìwé àwọn ọmọ wa: ojú tí wọ́n tẹ̀ á wà nínú, ojú funfun á wà níta. Bí wọ́n ṣe bo ìwé tèmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ta ni yóò lọ ra èèpo ìwé nígbà tí bébà kún inú ilé?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ bébà yìí sọ́kàn.

Èmi náà ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìyá Ẹnu Géètì. Ẹ má fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín! Ẹnu géètì iléèwé, níbi tí a ti ń dúró de àwọn ọmọ, ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Alhaja, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí wa. Mílíìkì tó ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí iléèwé ni a kọ́kọ́ jà lé lórí. Oníṣọ́ọ̀bù ní ọjà tí a bá ti rà kì í padà. Alhaja gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó, ó ń kí gbogbo oníbàárà tó ń wọlé pé, "Ẹ kú ọjà o, ẹ yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò dáadáa o." Kí ó tó di ọ̀sán, ọkùnrin náà ti gba gbogbo mílíìkì náà padà. A pàtẹ́wọ́. A rò pé bí ìjà ṣe máa ń rọrùn tó nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ti Ẹ̀bùn ṣẹlẹ̀.

Màmá Ẹ̀bùn jẹ́ ọ̀kan nínú wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ní Bàrígà ló ń gbé, ẹja ló ń yan tà. Ẹ̀bùn ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ikọ́ lásán ló ń ṣe ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ra oògùn ikọ́, ó sì ń fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ kò tọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ wú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà sì ní kí wọ́n sáré mú ìgò oògùn náà wá. Ní ọjọ́ kẹfà, Ẹ̀bùn kú.

A ti sin ín kí èsì àyẹ̀wò tó dé. Omi olóró tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà ló wà nínú ìgò yẹn, irú èyí tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n sì ṣe ayédèrú lébẹ̀lì ilé iṣẹ́ gidi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí a lọ kí Màmá Ẹ̀bùn, kò sunkún. Ó kàn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ó ní Ẹ̀bùn kò fẹ́ mu ún. Ó ní òun ló di imú rẹ̀ pọ̀ kó lè gbé e mì. Kí ni ẹ fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹgbẹ́ wa pinnu láti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé ìgò náà fún, kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fo nǹkan kan. Mo kọ ọ́ pé: lébẹ̀lì funfun, etí rẹ̀ búlúù, àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ló wà láàárín, àwọ̀ pupa tó yẹ kó bọ́ sójú ètè ọmọ náà ti yẹ̀ sísàlẹ̀, ó wà ní àgbọ̀n. Ìyàwó atẹ̀wé ni mí, mo mọ̀ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò to àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. A fi ìwé náà ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì ni Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti iléèwé dé pé èèpo ìwé ìṣirò òun ti ya. Mo ní kó gbé e wá kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo tú bébà náà, mo sì yí i sí ojú tí wọ́n tẹ̀.

Ọmọ mẹ́rìnlélógún ló ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo kà wọ́n. Ètè gbogbo wọn wà ní àgbọ̀n.

Tọ́pẹ́ ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Mo ní kó lọ bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Tọ́pẹ́ wọlé, mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Ó wò ó, ó ní iṣẹ́ tí ẹnì kan gbé wá ni.

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyá Tọ́pẹ́, ẹni tó bá gbé ìwé ìpè ìgbéyàwó wá, ṣé mo máa ń bi í bóyá ìyàwó fẹ́ràn ọkọ? Wọ́n gbé iṣẹ́ wá, mo tẹ̀ ẹ́. Ṣé èmi ni mo rọ nǹkan sínú ìgò?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀bùn fún un. Ó mọ Ẹ̀bùn, ó ti gbé e lé èjìká rí lọ́jọ́ ìdíje eré sísá iléèwé. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dáná sun bébà náà. Ó ní wọn yóò ti ilé iṣẹ́ òun pa, wọn yóò gbé òun lọ, kí ni àwọn ọmọ yóò sì jẹ?

Mi ò sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni náà. Mo ká a, mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ń wo ojú Tọ́pẹ́ àti ti àbúrò rẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé ìyá wọn ni mí, àwọn ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáàbò bò. Mo ń lọ sẹ́nu géètì, mo ń jókòó ti Màmá Ẹ̀bùn, mo ń kọ ìwé ìpàdé. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sáré gbé Kẹ́hìndé, ọmọ kíláàsì Tọ́pẹ́, lọ sí ọsibítù. Oògùn ikọ́ ni. Lébẹ̀lì kan náà, ètè ní àgbọ̀n.

Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ìgò yẹn ti wà nílé wọn kí n tó tú ìwé ọmọ mi. Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí ó fi sú mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi mọ ilé tí wọ́n gbé lébẹ̀lì náà lọ, àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ní ìtòsí Fádèyí. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ńkọ́?

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mú bébà náà lọ bá Màmá Ẹ̀bùn ní Bàrígà. Ẹja wà lórí ààrò, èéfín bo ojú àwa méjèèjì. Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọjọ́ mẹ́jọ. Mo kúnlẹ̀.

Ó fi ìka tọ́ ibi tí Tọ́pẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí ní ẹ̀yìn bébà náà. Ó ní, "Ìwé ọmọ tìrẹ nìyí." Ó yí ẹja kan padà, ó yí òmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde. Èmi kọ́ lo máa kúnlẹ̀ fún. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n á ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo sọ ọ́ fún Alhaja, ó sì gba àyè lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n gbọ́ wa lọ́jọ́ tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ń jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Àwọn atẹ̀wé ti gbọ́, wọ́n kún ilé ìpàdé náà. Bí mo ṣe dìde, ẹnì kan pariwo pé, "Ẹ wo ìyàwó atẹ̀wé tó fẹ́ ba oúnjẹ ọkọ ẹ̀ jẹ́!" Òmíràn ní, "Lọ́la, wọn á ní ká máa bi bébà pé níbo lò ń lọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìgò oògùn Ẹ̀bùn sórí tábìlì, mo tẹ́ bébà ìwé Tọ́pẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú dìde wá wò ó. Atẹ̀wé ni wọ́n, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

Kánsẹ́lọ̀ kan bi mí pé, "Màmá, ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún gbogbo ìbéèrè, àfi èyí.

"Èmi ni."

Bàbá Tọ́pẹ́ ni. Ìdí ilẹ̀kùn ló dúró sí, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní òun ló tẹ̀ ẹ́, òun kò béèrè, àti pé nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, kò sí atẹ̀wé tó máa ń béèrè. Ó fa ìwé iṣẹ́ rẹ̀ yọ, ó ka àdírẹ́sì Fádèyí náà sókè.

Àwọn agbófinró dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àpótí mọ́kànlá ni wọ́n kó jáde. Wọ́n mú ọkùnrin kan, èkejì sá lọ, a kò tíì gbúròó rẹ̀ títí di òní. Ẹgbẹ́ wa pín ara rẹ̀ sí méjì-méjì, a ń wọ kẹ́mísìtì kan tẹ̀ lé òmíràn, láti Palmgrove dé etí ọ̀sà, a ń gba ìgò náà kúrò lórí káńtà. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ ọkọ mi pa fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ti lọ síbòmíràn.

Òfin nọ́ńbà náà jáde ní ìjọba ìbílẹ̀ wa lẹ́yìn tí a ti lọ, tí a ti bọ̀, tí bàtà wa jẹ. Atẹ̀wé kò gbọdọ̀ tẹ lébẹ̀lì ohun jíjẹ, ohun mímu tàbí oògùn láìrí ìwé àṣẹ ọjà náà. Nọ́ńbà atẹ̀wé gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ lébẹ̀lì, kí a lè mọ ilé tó ti jáde. Ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ́mísìtì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn kò ní gba oògùn ọmọdé tí kò bá ní in sórí káńtà wọn, àti pé àwọn yóò gbà á padà bí ẹnikẹ́ni bá rí i. Ọjọ́ tí wọ́n ka òfin náà, a kò pàtẹ́wọ́. Màmá Ẹ̀bùn ní kí wọ́n tún un kà, wọ́n sì tún un kà.

Kẹ́hìndé yè. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sí ọsibítù, ìyá rẹ̀ sì ń fi kọ́ọ̀bù wọn omi tó ń mu. Màmá Ẹ̀bùn ṣì ń kí mi, ó sì ń bi mí léèrè àwọn ọmọ mi. Kò wọ ilé mi mọ́ láti ọjọ́ náà, n kò sì lè bi í ní ìdí.

Nísinsìnyí, ìgò tí kò ní nọ́ńbà ti wà ní Onípanu. Mo ti gbé e fún Alhaja, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ oògùn gidi tí wọ́n tẹ lébẹ̀lì rẹ̀ níbi tí òfin wa kò dé. Ó sì lè jẹ́ ọkùnrin tó sá lọ yẹn ló ti rí atẹ̀wé mìíràn tí kì í béèrè.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ọmọ mi nígbà tí mo dákẹ́, inú kíláàsì ọmọ mi náà ni ìgò yẹn bọ́ sí.

Ẹ yí ìgò po kí ẹ tó bu ṣíbí. Bí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ rí, tàbí ohun kan tí ẹ ń fura sí wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ohun tó jẹ́ àti ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ kọ ọ́ lónìí. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ.