Àlàbí Alápatà Ná Ìsìnkú Ara Rẹ̀

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Àlàbí alápatà ní Ọ̀fà, ọjọ́ tó ná ìsìnkú ara rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọdún 1959 ni, nínú oṣù kẹjọ, lójú gbogbo àwọn tó wá ra ẹran. Àlàbí fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní kí Àdìkẹ́ ọmọ Tíṣà Adétóyè sọ iye màlúù tó fẹ́ pa fún òun.

"Ẹyọ kan ni, Bàbá," ni Àdìkẹ́ wí.

"Ẹyọ kan? Òkú àgbà bíi tèmi? Márùn-ún."

"Bàbá, ìwé mi ò gba màlúù márùn-ún."

"Kí ló dé tí kò fi ní í gbà wọ́n? Ṣé wọ́n máa jẹ koríko nínú rẹ̀ ni?"

Ẹ má rò pé orí Àlàbí dàrú. Àdìkẹ́ ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, ó wá lo ìsinmi gígùn nílé. Roseline ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Àlàbí ní orúkọ yẹn kò bá ẹnu alápatà mu. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan n'Íbàdàn ti kéde pé àwọn ń fẹ́ ìtàn àròsọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní èyí tó bá dáa jù làwọn máa tẹ̀ jáde. Kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé ogún lọ. Ọmọ náà kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kó rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò rí nǹkan kan kọ ju "Ní ọjọ́ kan" lọ. Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an ni ìsọ̀ Àlàbí wà, ohùn ọkùnrin náà kò sì jẹ́ kó ráyè ronú. Nígbà tó sú u, ó pa ìrònú tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń gbọ́.

Ohun tó ń gbọ́ kò sì kéré. Àlàbí kì í gba ohunkóhun bí wọ́n bá ṣe pè é. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni yóò gbà. Àlàbí ní méjì. Wọ́n fà á títí, àwọn aláìsàn tó tò sẹ́yìn wá ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó ṣe é ní mẹ́ta. Àlàbí gba mẹ́ta, ó dúpẹ́, ó sì bi í bóyá ó lè fi ẹ̀kẹrin ṣe èènì.

Ìgbà kan tún wà tó ń lọ sí Ìlọrin. Ọ̀gá ibùdó rélùwéè ní ọkọ̀ máa gbéra ní aago mẹ́wàá. Àlàbí ní kí wọ́n jẹ́ kó di mọ́kànlá, torí òun ṣì ní ẹran tí òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀gá fìbínú sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kì í ná aago ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, ọkọ̀ kò kúrò títí di aago mọ́kànlá ààbọ̀. Àlàbí lọ bá ọ̀gá náà, ó ní kó má bínú, òun kò mọ̀ pé wọ́n máa fi ààbọ̀ lé e.

Gbogbo rẹ̀ ni Àdìkẹ́ ń kọ. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹran bá tán, Àlàbí á gbé àpótí rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní kó ka ti ọjọ́ náà fún òun. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti tẹ́. "Mi ò sọ ọ́ báyìí," á wí. "Bí mo ṣe sọ ọ́ dùn jù báyìí lọ." Á tún un sọ, á sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. Tíṣà Adétóyè, tó ti ń kùn pé ọmọ òun ń fi ìsinmi ṣòfò, kà á lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìtàn náà pé ni wàhálà dé. Wọ́n ti kọ́ Àdìkẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ìtàn tí kò bá lómijé nínú, kò tíì dógbó. Lòun náà bá pa Àlàbí. Ó gbé ìwé lọ bá a ní ìsọ̀, ó kà á fún un.

"Mo kú?" ni Àlàbí bi í.

"Ẹ ti kú, Bàbá."

"Kí ló pa mí?"

"Ibà ni."

"Ibà ò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni mí?"

"Àádọ́rin."

"Ọgọ́fà."

Wọ́n fẹnu kò sí mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n yọ ibà kúrò, ó di pé ó sùn, kò jí. Inú Àlàbí dùn sí ìyẹn. Ó wá bèèrè pé ta ló sin òun.

Àdìkẹ́ ní kò sẹ́ni tó sin ín, ibi tó kú sí yẹn ni ìtàn parí.

Àlàbí fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Láti nǹkan bí ogún ọdún, bí mùsùlùmí àgbà kan bá kú ní Ọ̀fà, tó di sàráà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀bẹ Àlàbí ló máa pa màlúù rẹ̀. Ó lè ka màlúù ilé kọ̀ọ̀kan fún yín, àwọ̀ rẹ̀ àti bí ìwo rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ ló sì máa ń ra màlúù fún bàbá. Àlàbí kò bímọ.

"Bàbá, mo lè kọ ọmọ mẹ́ta fún yín," ni Àdìkẹ́ wí. "Ìtàn ṣáà ni."

"Rárá o. Asiata á gbọ́."

Asiata ni ìyàwó rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jọ wà láìrí ọmọ bí. Ẹbí sọ fún Àlàbí títí pé kó fẹ́ ẹlòmíràn, ó kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò bá ẹnikẹ́ni ná láyé rẹ̀ nìyẹn. "Tó bá gbọ́ pé ọmọ wà nínú ìwé," ni Àlàbí wí, "á rò pé mo ṣì ń wá a. Fi ọmọ sílẹ̀. Fún mi ní màlúù."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti màlúù nìyẹn. Àwọn oníbàárà dá sí i, àwọn kan gbè sẹ́yìn òkú, àwọn kan gbè sẹ́yìn òǹkọ̀wé. Mẹ́ta ni wọ́n padà fẹnu kò sí: ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan oníwo gígùn. Àlàbí fúnra rẹ̀ ló pín ẹran náà. Ó fún Lèmọ́mù ní itan, ó bu ti àwọn ará Ìjàgbó àti Òjòkú nítòsí tó wá sin ín, ó ní kí wọ́n fún nọ́ọ̀sì yẹn ní ṣàkì torí ó bá òun lò dáadáa. Ojú ìwé márùn-ún ni ìsìnkú náà gbà. Ó pé ojú ìwé ogún géé, Àdìkẹ́ fi í ránṣẹ́.

Lẹ́tà dé bá a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú oṣù kọkànlá. Wọ́n ní ìtàn rẹ̀ ló dáa jù, ṣùgbọ́n ìsìnkú tó wà ní ìparí ti gùn jù, ẹran ni wọ́n kàn ń pín. Tó bá gbà kí wọ́n yọ ojú ìwé márùn-ún náà, wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì ló fèsì pé kí wọ́n yọ ọ́. Òun tó fojú ara rẹ̀ rí bí arúgbó ṣe jà fún màlúù mẹ́ta, kò bá wọn ná an kí wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀.

Nígbà Kérésì, ìwé ìròyìn dé Ọ̀fà. Àlàbí kó èèyàn jọ sí ìsọ̀, ó ní òun ò ní í gé ẹran fẹ́nikẹ́ni kí wọ́n tó kà á tán. Àdìkẹ́ ti délé láti àná, kò lè la ẹnu sọ ohun tí wọ́n yọ. Tíṣà Adétóyè ló kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín abẹ́rẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín rélùwéè, Àlàbí ló sì ń rẹ́rìn-ín jù. Ó dé ibi tó sùn tí kò jí, àwọn obìnrin pòṣé. Tíṣà ṣí ìwé sí ojú kejì, ìpolówó ọṣẹ ló wà níbẹ̀.

"Ó parí," ni Tíṣà wí.

"Ó ku ìsìnkú," ni Àlàbí dáhùn.

Tíṣà wo ọmọ rẹ̀. Àdìkẹ́ dorí kodò. Àwọn èèyàn ti ń kùn, ẹnì kan ti ń bèèrè pé màlúù mẹ́ta dà. Àlàbí wo ọmọ náà, ó sì yíjú sí wọn.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́," ló wí. "Mo mọ̀ yín. Tí ẹ bá gbọ́ bí ẹran ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, ẹ ò ní í jẹ́ kí n sinmi títí n ó fi kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran. Lọ́jọ́ náà, iye tí oníkálukú bá pè ló ń gbà.

Ọdún 1962 ló kú lóòótọ́, ibà ló pa á. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ilé tó ti pa màlúù fún ló wá. Asiata din àkàrà. Wọ́n jẹ àkàrà, wọ́n ní ó mà ṣe o, wọ́n lọ sílé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mú ẹsẹ̀ adìyẹ lásán wá. Ojú mà ń ti èèyàn láti sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Àdìkẹ́ tó gbọ́, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ó dé, ó kúnlẹ̀ kí Asiata, ó yọ ẹ̀dà ojú ìwé márùn-ún tí wọn kò tẹ̀ jáde, ó kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó kan ṣàkì nọ́ọ̀sì, Asiata bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé òun àti màláíkà ló jọ ń fà á báyìí," ló wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Asiata nu ojú. "O ò kọ ọmọ sí i."

"Mo fẹ́ kọ ọ́, Ìyá. Bàbá ló ní kí n má kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ máa rò pé àwọn ṣì ń wá a."

Asiata na ọwọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń wo ohun tí kò lè kà.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ìsìnkú náà."

"Òun ti forí jì ọ́ lọ́jọ́ yẹn, níwájú gbogbo wọn. Èmi ni mi ò tíì ṣe é." Ó dìde, ó lọ bu ẹ̀bà wá. "Ṣùgbọ́n jókòó, kí o jẹun."

Àdìkẹ́ jókòó, ó jẹun.