Dúdú Tí Bàbá Onípẹtà Wá Títí

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọjọ́ tí Bàbá Onípẹtà, amọ̀kòkò, lóṣòó sídìí géètì télọ̀, tó ń fi ọ̀bẹ ha ìpẹtà ara irin sínú abọ́.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe sí géètì mi?"

"Mo ń bá ọ wẹ̀ ẹ́ ni. Ó yẹ kó o dúpẹ́."

Bàbá ti rí àwo kan rí tí àwọn ará Ṣáínà ayé àtijọ́ ṣe. Ó dúdú, ó ń dán, ìlà tín-ín-rín bí irun ehoro sì wà lára rẹ̀. Irin ló ṣe é: wọ́n á po ìpẹtà mọ́ eérú àti amọ̀, wọ́n á fi bo àwo, iná á sì yọ́ ọ bíi gíláàsì. Láti ìgbà náà ni ohun onírin kò ti fara rọ nílé wọn.

"Bàbá, ìkòkò irin mi ò nídìí mọ́!" ni ìyàwó rẹ̀ pariwo lọ́jọ́ kan.

"Fọkàn balẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló nídìí."

"Gbogbo ẹ̀ ló nídìí, àfi ìkòkò mi!"

Ìwàǹwára ni àléébù rẹ̀. Iná kì í tíì rọlẹ̀ tí yóò fi ṣí ìléru tó ti ń sun àwo rẹ̀. Atẹ́gùn á kọlu àwo, wọ́n á sán, èyí tó bá kù á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Ọjọ́ tó dáná kẹ́yìn ni àìsàn òjijì gbé e lọ. Nínú ọ̀fọ̀, ta ló rántí ìléru àti àwo inú rẹ̀? Lẹ́yìn ìsìnkú ni àbúrò rẹ̀ gbé òòlù dé.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká wó ìléru yìí."

"Ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù ọkọ mi ná."

Bí àwọn àwo wọ̀nyí náà bá pọ́n, a jẹ́ pé ẹ̀rín lásán ni wọn yóò máa fi rántí ọkọ rẹ̀. Ó yọ bíríkì tó dí ẹnu ìléru. Ìléru ti tutù pátápátá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí lójú ayé Bàbá. Ó fa àwo àkọ́kọ́ jáde.

Ó dúdú. Ó ń dán. Irun ehoro wà níbẹ̀ fínnífínní.

"Bàbá, ẹ ò rí i!" ó kígbe. "Sùúrù ni! Ẹ ì bá ti fi í sílẹ̀ kó tutù!"

Àbúrò ọkọ rẹ̀ rọra gbé òòlù sílẹ̀. Obìnrin náà gbá àwo mọ́ àyà, ó ń retí èsì, nítorí Bàbá kì í gbà fún un láìjiyàn. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìgbà náà ló tó sunkún.