Bisikíìtì Tí A Gbé Lọ sí Kíláàsì Ọmọ Mi

Tí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọgbọ́n àgbọ́njù àwa Yorùbá Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ sí, ẹ lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe nílé wá. Òyìnbó á gbé páálí ẹyin méjì tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra wá, á ní ẹyẹ ni. Àwa á gbé ohun tí ṣọ́ọ̀bù gan-an kò ní irú rẹ̀ wá, a ó sì dúró tì í, a ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Tí wọ́n bá ń wá alága ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n má wá a jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kó àrùn yìí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìparí sáà kọ̀ọ̀kan ni olùkọ́ máa ń ní kí a mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ẹni tí wọ́n ní kó hun ẹní, ìyá rẹ̀ á ra ẹní. Ẹni tí wọ́n ní kó gbẹ́ ọmọ odó, bàbá rẹ̀ á lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà. Lọ́dún kan, mo gbé abẹ̀bẹ̀ kan lọ tó jẹ́ pé ìyá arúgbó kan tó ti ń hun abẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi ló hun ún. Olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn, ó ní, "O káre, ọwọ́ rẹ mọ́." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ó fún mi ní máàkì, ó sì gbé abẹ̀bẹ̀ lọ sílé rẹ̀ lọ fẹ́ ara rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì dákẹ́. Títí di òní, n kò lè hun ohun tí wọ́n lè fi lé eṣinṣin.

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Nílé, kò sí ẹni tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Ó ń bá bàtà sọ̀rọ̀, ó ń bá ẹ̀rọ ìfọṣọ jà. Ṣùgbọ́n láti September tó ti wọ kíláàsì tuntun, kò tíì la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, ọmọdébìnrin òyìnbó kan tó máa ń kúnlẹ̀ kó tó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi ohun tó ṣe nílé han kíláàsì àti àwọn òbí, á sì sọ bó ṣe ṣe é. Ó ní tó bá jẹ́ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bóyá ọ̀rọ̀ á bọ́ sí i lẹ́nu.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílùú yìí, wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù á bí fọ́ọ̀mù, kó tó pẹ́ wọ́n á ní nǹkan kan ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ oorun lọ, ẹ sì rántí pé nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ni mí.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá tí n kò níṣẹ́, a kó fúláwà, bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin kan sórí tábìlì. Ìwé tí ilé ìwé fi ránṣẹ́ ní inú gbogbo ìdílé á dùn. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì rí bọ́tà lára híjáàbù rí. Ọmọ náà po fúláwà, ó po ara rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fúláwà náà mọ ènìyàn. Ó mọ bàbá rẹ̀, ikùn ọkùnrin náà sì gba ìdajì àwo pẹrẹsẹ tí a fẹ́ fi yan án. Ó mọ ara rẹ̀. Ó mọ èmi náà, ìborí mi tóbi ju ara mi lọ. Ó fi èso àjàrà gbígbẹ ṣe ojú fún wa.

"Mummy, this one is you. Ẹ ń bínú, because ẹ ti late fún shift."

Nígbà tí a yọ wọ́n jáde nínú ààrò, ikùn bàbá ti là, ojú mi kan ti yọ̀ wá sí àgbọ̀n. Ọmọ náà ń jó. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ń ṣàlàyé fún bàtà, ó ń ṣàlàyé fún ẹ̀rọ ìfọṣọ: ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín, lẹ́yìn náà ẹ po bọ́tà mọ́ ṣúgà. Mo ní kó dákẹ́ ariwo.

Èmi ń wo àwọn abàmì tó wà lórí tábìlì. Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ìyá tó máa ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé á sọ. Mo pe Aunty kan ní Catford tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń ṣe kéèkì tà.

"Aunty, ẹ gbà mí."

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ni. Bisikíìtì. Ọjọ́ Jímọ̀."

"Ṣé ìyẹn náà ni? Don't worry, mo ti ṣe ti ọmọ méjì ní school yín this week. Ṣé o fẹ́ kó rí rough díẹ̀, kó dà bíi pé ọmọ ló ṣe é?"

Ẹ wò ó, wọ́n ti ń tà á lóríṣiríṣi. Mo ní rárá, kí wọ́n ṣe é kó dán. Lójú tèmi, ọmọ tó bá gbé ohun tó dán dání, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, òpè ni mí.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo gba bisikíìtì náà wálé nínú páálí tí ojú rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì: òṣùpá àti ìràwọ̀, funfun àti góòlù. Ọmọ náà wò ó. Ó ní, "Where's mine?" Èmi ni mo kó tirẹ̀ sínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí. Bàbá rẹ̀ ló ti rí i, ó sì ti po tíì sí i. Ó ti jẹ ara rẹ̀ tán, ó ti jẹ mí, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a wọ ilé ìdáná.

"Mo rò pé èyí tó bàjẹ́ ni," ló wí.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn dákẹ́. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ti ń gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo ń tún un sọ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà: má fọwọ́ kàn án, má mì í. Nínú kíláàsì, ọmọdé kan fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣe ejò, ó sì ròyìn ejò náà títí ó fi sú wa. Bàbá rẹ̀, tó wọ ṣòkòtò péńpé nínú òtútù, ń mi orí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba oyè dókítà. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú mi.

Ó kan ọmọ mi. Mo bá a gbé páálí náà dúró kí àwọn ènìyàn lè rí i dáadáa. Àwọn ìyá kan ní, "Háà!" Olùkọ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Báwo lo ṣe ṣe é?"

Mo ń fi ètè sọ ọ́ fún un láìgbé ohùn jáde: fúláwà, bọ́tà. Ó wò mí. Ó wo bisikíìtì. Ó wá la ẹnu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, ohùn rẹ̀ já gaara dé ẹ̀yìn kíláàsì.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Mummy mi ní kí n má fọwọ́ kàn án. Tèmi ni mo ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ po bọ́tà mọ́ ṣúgà."

Kò fo ibì kankan. Ó sọ ti ikùn bàbá rẹ̀, ó sọ ti ìborí mi, ó ní èmi ń bínú. Ó ní Mummy wá kó gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ garawa ìdọ̀tí, Daddy sì jẹ wọ́n.

Omi ti gba ojú olùkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ gbà á, oníṣòkòtò péńpé súfèé. Olùkọ́ yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mummy, she spoke!"

Òótọ́ ni. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti September ni. Mo gbé páálí sílẹ̀, mo sì bá wọn pàtẹ́wọ́.