Ìwé Tí A Kò Tíì Là

Ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọjọ́ tí Alájì di ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ mú láàárín ṣọ́ọ̀bù wa ní Sakété, tó pè é ní olè àti ọ̀bàyéjẹ́, ara mi ṣì máa ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ohùn mi bá ga díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fara dà á.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà náà ni. Ọmọ ìdílé oníṣòwò ni Alájì, ọ̀gá mi. Aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà. Nígbà tó rí i pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí ọmọ wọn di akọ̀wé, ó ní ìwé lọjà tó kàn. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà, ó kó yíǹkì, síléètì àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ síwájú, ó to ìwé ìtàn sórí pẹpẹ ẹ̀yìn. Èmi tí mo ti ka ìwé díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà ní Àjàṣẹ́ ló gbà síṣẹ́ láti máa tà á. Ó ń ta ìwé bí ẹni ń ta aṣọ: bí o bá ti fọwọ́ pa á lára jù, o gbọ́dọ̀ rà á.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwé tó ń ti ilẹ̀ Faransé wá láyé ọjọ́un kì í ṣí tán. Wọ́n á ká bébà ńlá pọ̀, wọ́n á rán ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìgé. Ẹni tó bá rà á ni yóò fi ọ̀bẹ la àwọn ojú ewé náà nílé ara rẹ̀. Ìwé tí a kò tíì là ni ìwé tuntun. Bí a bá ti là á, àlòkù ni.

Àṣàkẹ́ lorúkọ ọmọbìnrin tí mò ń sọ. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Pobè, ọmọ ẹ̀yà Ọ̀họ̀rí pọ́nńbélé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Sakété ló ń gbé, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá rẹ̀ ti sọ níṣojú mi pé bí kò bá yege ìdánwò tí wọ́n ń pè ní bùrẹ́fẹ̀, kó padà sílé, ọkọ ti wà nílẹ̀.

Ìṣirò ni ọ̀tá ọmọ náà. Kàkà kó jókòó tì í, ọ̀dọ̀ wa ni yóò yà sí. Á ní òun fẹ́ mọ iye tí yíǹkì jẹ́. Á ní òun ń dúró kí oòrùn rọlẹ̀. Kí n tó yíjú padà, ó ti wà nídìí pẹpẹ ẹ̀yìn, ó ti gbé ìwé ìrìn àjò orí òkun kan tó fẹ́ràn. Kì í là á. Yóò fi ìka gbé etí bébà náà sókè díẹ̀, yóò tẹ orí, yóò máa yọjú wo inú rẹ̀. Ibi tójú rẹ̀ bá dé ló ń kà. Ibi tí kò bá dé, á ro tirẹ̀ kún un, á wá máa sọ ọ́ fún mi. Inú mi máa ń bí sí i.

“Àṣàkẹ́, ìdánwò ti dé tán, ìwọ ṣì wà lórí òkun.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku díẹ̀, mo ń lọ.”

Kò ní lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ẹ̀rù ìṣirò ló ń bà á, ó wá ń fi ìwé sá fún ìwé.

Akọ̀wé àgbà kan sì wà ní bìrò ìjọba tí gbogbo wa ń pè ní Mùsíyé. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà bí ìjọba bá fẹ́ ra ìwé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ojú rẹ̀ ni Alájì ń wò. Lọ́sàn-án Sátidé kan, nígbà tí Alájì wà ní mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin yìí wọlé, ó mú ìwé orí òkun náà, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ta ni èmi tí mo máa ní kó má mú un? Ní Mọ́ńdè ó dá a padà sórí pẹpẹ fúnra rẹ̀, ó jáde. Àwọn oníbàárà kún iwájú mi, n kò ráyè yẹ ìwé náà wò. N kò mọ̀ pé Mùsíyé ti la gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì ti fi ọ̀bẹ ya ojú ewé púpọ̀.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Àṣàkẹ́ dé. Ó gbé ìwé náà, ó rí i pé ó ti ṣí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kà á. Bẹ́ẹ̀ ni Alájì wọlé bá a. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fà á dìde, ó ní ó ti ba ọjà òun jẹ́. Mo lanu, ó ní kí n dákẹ́. Ó fà á gba àárín èrò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ gígùn. Ó ní ẹni tó ń ba ohun olóhun jẹ́ kò ní bá àwọn ọmọ òun ṣe ìdánwò. Mùsíyé wà níbẹ̀, ó wá rí sí ètò ìdánwò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó, ó ń nu awò ojú rẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀, kò sọ. Àgbàlagbà tó bí ọmọ sílé ń wòran bí wọ́n ṣe fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nítorí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ọ́.

“Mùsíyé, ẹ̀yin lẹ gbé ìwé yẹn lọ sílé ní Sátidé. Ọmọ yìí kò là á.”

Alájì ní ṣé mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mùsíyé wá rẹ́rìn-ín. Ó ní ó jọ pé lóòótọ́ lòun là á, òun ti gbàgbé ni, ìwé náà kò tiẹ̀ dùn.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wúkọ́, ó ní kò sí ẹjọ́ mọ́ nìyẹn. Alájì wá tẹríba fún Mùsíyé, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mùsíyé ni Alájì ń bẹ̀ o.

“Alájì, ẹ bẹ Àṣàkẹ́ náà,” mo wí.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí ló tiẹ̀ gbé ọmọ náà dé ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń mi orí. Wọ́n ti rí ẹ̀bi tí wọ́n máa dì lé e lórí.

Mo bá Àṣàkẹ́ lójú ọ̀nà, mo ní kó má bínú. Mo ní kó padà wá, ìwé náà ti ṣí, yóò lè kà á parí. Kò sunkún.

“Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Mo ní ìṣirò láti ṣe.”

Láti ọjọ́ náà, kò wọ ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Ó yege. Bàbá rẹ̀ ru iṣu wá fún mi láti ìlú wọn. Alájì wá ń sọ fáwọn oníbàárà pé òun lòun lé ọmọ náà padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun lòun sọ ọ́ dèèyàn. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi, mo fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Pobè. Bí ìwé bá dé, mo máa ń mú ẹ̀dà kan, mo máa ń fọwọ́ ara mi là á, mo sì gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní orí mi kò pé. Mo ta ìwé níbẹ̀ títí ojú mi fi di bàìbàì, àwọn ọmọ mi ló ń tà á báyìí, àga náà kò sì kúrò níbẹ̀.

Àṣàkẹ́ di olùkọ́ ní Pobè. Bí wọ́n bá ti wọlé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún ló máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, á ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n má kánjú. Òun fúnra rẹ̀ a dúró níta nínú oòrùn. Mo máa ń pè é kó wọlé wá jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” a ní, “ibí dára.”