Ọjọ́ Tí Bábílónì Tèmi Ṣubú

Òórùn irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ni mo fi ń rántí Houston ti àárín àwọn ọdún 1980. Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń gé páìpù fún àwọn awakùsà epo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi wà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí mo ti wọ bàálù ló bí ọmọbìnrin wa, mi ò sì tíì fojú kan ọmọ náà rí. Kí wọ́n tó lè wá bá mi, mo gbọ́dọ̀ ní páálí ìgbélùú. Kí n tó ní páálí, ọ̀gá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà pé iléeṣẹ́ òun nílò mi. Oṣù mẹ́wàá ni lẹ́tà náà fi wà lórí tábìlì rẹ̀. Tí mo bá béèrè, á ní, “Next week.” Ọ̀rọ̀ náà sú mi débi pé mo máa ń sunkún nínú mọ́tò lórí freeway.

Inú apartment kan ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Brays Oaks lónìí ni ìjọ Aládùúrà wa ti ń pàdé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ka ìtàn Beliṣásárì, ọba tó fi ife tẹ́ńpìlì mu ọtí, tí ọwọ́ kan fi kọ̀wé ìparun rẹ̀ sára ògiri. Ohun tí àwọn wòlíì ti sọ tipẹ́ pé Bábílónì á ṣubú ṣẹ lóru yẹn gan-an. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni mo ń rí ojú ọ̀gá mi. Mo lọ bá bàbá ìjọ pé kí wọ́n bá mi fi ààwẹ̀ bi ọba tèmi náà ṣubú.

Bàbá ní, “Brother, abẹ́ òrùlé ọba yẹn náà lo wà o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbàdúrà kí Ọlọ́run rọ ọkàn ẹ̀.”

Mo dúpẹ́, àmọ́ mo ní lọ́kàn mi pé ogbó ti dé sí bàbá. Èmi tí mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún mọ Bíbélì jù wọ́n lọ. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan omi. Mo kọ orúkọ ọ̀gá sórí ìwé, mo tan àbẹ́là lé e, mo ka ìtàn náà sínú omi lẹ́ẹ̀meje, mo sì wọ́n omi náà sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ọjà epo fi dẹnu kọlẹ̀ ní gbogbo Texas. Ọ̀gá pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ pé iléeṣẹ́ ti kógbá sílé. Nígbà tó kàn mí, ó na lẹ́tà náà sí mi. Ó ti fọwọ́ sí i. Ó ní kí n má bínú pé ó pẹ́.

Lọ́yà tó ń bá mi ṣètò páálí kà á, ó mi orí: iléeṣẹ́ tí kò sí mọ́ kò lè nílò ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé òru tí wọ́n fi Dáníẹ́lì, tó túmọ̀ ìkọ̀wé ara ògiri, ṣe ẹnì kẹta nínú ìjọba Bábílónì ni ìjọba náà tán. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kà á, mi ò rí i. Ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run kó gbé ọba mi dìde padà, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Àgbà ti dé sí èmi náà báyìí. Tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá ń ké àmín lórí ìṣubú ọ̀gá wọn, mi ò kì í lè dá sí i. Nígbà tí páálí wá gba ọ̀nà mìíràn dé, ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ní pápákọ̀ òfuurufú lẹ́bàá ìlú Humble lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó wò mí, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

“Ẹ káàsán, sà,” ló wí.